Ta Ló Ń San Owó Ẹsẹ̀ Agégi?



Bí ẹ bá dé ìsọ̀ yín ní ọjà Hédzranawoé lọ́la, kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ gbójú sókè díẹ̀. Ẹ wo igi tí ó gbé páànù dúró. Ẹ wo pákó tí ẹ ń to aṣọ lé. Ẹ wo bẹ́ǹṣì tí oníbàárà ń jókòó lé, àti òpó iná tí ó wà létí ọ̀nà. Púpọ̀ nínú àwọn igi báyìí jẹ́ tẹ́kì. A mọ iye tí a ra pákó kan. A lè mọ orúkọ ẹni tí ó tà á fún wa. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ló mọ ẹni tí ó gé e nínú igbó? Ta ló mọ̀ bóyá ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣì pé?

Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan tí ó ń gé tẹ́kì lápá òkè Notsé. Oníṣòwò igi kan ló gbé iṣẹ́ fún un. N kò ní dárúkọ oníṣòwò náà. Ní ọjọ́ kan, igi tí ọmọ náà gé kò wó délẹ̀, ó há sórí igi kejì. Ó wọ abẹ́ rẹ̀ láti gé igi kejì tí ó gbé e dúró. Igi já lójijì, ó wó lé e ní itan. Oníṣòwò náà gbé e dé ilé ìwòsàn. Ó san owó ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyókù, ìdílé ló san án. Ìyá rẹ̀ ta ewúrẹ́, ó ta aṣọ, ó tún jẹ gbèsè. Nígbà tí a rán ènìyàn sí oníṣòwò náà, ó ní: «Ṣé èmi ni mo ní kó wọ abẹ́ igi?»

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan kò ti kúrò lọ́kàn mi. Bí igi bá ṣẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, ta ló yẹ kó san? Mo wá ìdáhùn lọ sínú ìwé ìtàn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ìbéèrè náà ti ní ìdáhùn kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi. Àwọn tí ó kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ ni wọ́n wá gbin tẹ́kì sí ilẹ̀ wa. Ìyẹn ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ rántí bí ó ti rí kí òyìnbó tó dé. Àwọn bàbá wa ń gé igi, wọ́n ń ṣán oko. Àáké àti àdá ni irinṣẹ́ wọn. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í gé ìrókò bí ẹni tí ń gé igi ìdáná. Wọ́n á bèèrè, wọ́n á ṣe ètùtù, wọ́n á yan ọjọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń fi èyí rẹ́rìn-ín. N kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù igi yóò yí i po kí ó tó gbé àáké. Yóò wo ibi tí igi náà tẹ̀ sí. Yóò wo ẹ̀ka gbígbẹ tí ó wà lókè. Yóò wo ibi tí òun máa sá gbà. Àáké pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà igi náà máa ń ké kí ó tó wó, ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀ sì máa ń gbọ́.

Bí igi bá tún ṣe ènìyàn léṣe, kò dá nìkan wà. Oko ara rẹ̀ tàbí oko àna rẹ̀ ló wà, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ọ̀wẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á bá a ro oko náà títí ara rẹ̀ yóò fi yá. N kò sọ pé ìyẹn tó. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, ó rọ náà ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tí ó ni iṣẹ́, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀.

Ó wá di ọdún 1884. Ẹ fi ọkàn sí ọjọ́ tí mo fẹ́ dá yìí. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1884, ọkùnrin kan láti Jámánì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gustav Nachtigal dé Baguida. Baguida kò jìnnà sí Lomé, gbogbo yín lẹ mọ ibẹ̀. Ó bá àwọn aṣojú ọba Mlapa ti Togoville fọwọ́ sí ìwé kan. Ìwé yẹn ni Jámánì fi gba etí òkun wa, ohun náà ló di Tógò.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1884, ìjọba Jámánì kan náà fọwọ́ sí ìwé mìíràn nílé wọn. Òfin jàǹbá iṣẹ́ ni ìwé náà. Ẹ gbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ṣáájú òfin yìí, bí ẹ̀rọ bá gé ọwọ́ òṣìṣẹ́ Jámánì kan, ó ní láti lọ sí kóòtù. Ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé ẹ̀bi ọ̀gá ni. Ta ni yóò jẹ́rìí fún un? Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń bẹ̀rù kí ọ̀gá má lé wọn. Ọ̀gá á sì sọ ohun tí oníṣòwò igi wa sọ: «Ṣé èmi ni mo ní kó fi ọwọ́ síbẹ̀?» Òṣìṣẹ́ á pàdánù ẹjọ́, á tún pàdánù ọwọ́.

Òfin 1884 pa ìbéèrè yẹn tì. Ó ní kí a má bèèrè mọ́ pé ta ló jẹ̀bi. Bí ó bá ti jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló ti farapa, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Gbogbo ọ̀gá tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà gbọ́dọ̀ dá owó sínú àpótí kan, bí ìgbà tí ẹ̀yin ìyálọ́jà ń dá àjọ. Àwọn ọ̀gá nìkan ló ń dá owó náà. Òṣìṣẹ́ kò dá kọ́bọ̀ sí i. Ẹni tí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́ rárá yóò máa gba ìdá méjì nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá kú, opó rẹ̀ á máa gba apá kan, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì gba tiwọn.

Kì í ṣe àánú nìkan ló mú Bismarck, olórí ìjọba Jámánì ìgbà náà, ṣe òfin yìí. Ó ń bẹ̀rù ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń lágbára sí i lójoojúmọ́. Ó fẹ́ kí òṣìṣẹ́ rí i pé ìjọba ń ṣe nǹkan fún òun. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìbẹ̀rù bí náà lè wúlò.

Iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ àti iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ni òfin náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 1886, wọ́n nà án dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ àti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú igbó. Láti ìgbà náà, bí igi bá wó lu agégi kan ní Jámánì, àpótí kan wà tí yóò san owó ẹsẹ̀ rẹ̀.

Tẹ́kì wá dé Tógò. Igi tẹ́kì kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Íńdíà àti Bọ́mà ni ilé rẹ̀. Òyìnbó fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ikán kì í tètè jẹ ẹ́, omi kì í tètè bà á jẹ́, ó sì máa ń dúró ṣánṣán. Láàárín ọdún 1900 sí 1914, àwọn Jámánì gbin ín sí ibi púpọ̀ nílẹ̀ wa. Ọ̀kan nínú ibi tí iṣẹ́ náà ti pọ̀ ni Haho-Baloé, lápá Notsé. Igbó ìjọba ṣì ni ibẹ̀ títí dòní. Ọ̀gbẹ́ni Metzger ni ọ̀gá igbó wọn. Ó kọ ìwé lórí iṣẹ́ igbó Tógò ní ọdún 1911. Ìwé máa ń tọ́jú orúkọ ọ̀gá. Ẹni tí ó di àáké mú, ìdílé rẹ̀ nìkan ló máa ń rántí rẹ̀.

Ta ló di àáké náà mú? Àwọn bàbá wa ni. Ní ọdún 1907, ìjọba Jámánì sọ pé kí gbogbo ọkùnrin tí ara rẹ̀ le máa fi ọjọ́ 12 ṣiṣẹ́ fún ìjọba lọ́dọọdún, tàbí kí ó san owó dípò rẹ̀. Ẹni tí kò ní owó á lọ ṣiṣẹ́. Wọ́n ń la ọ̀nà, wọ́n ń ṣe ojú irin. Ọkọ̀ ojú irin dé Aného ní 1905, ó dé Kpalimé ní 1907, lẹ́yìn náà ó lọ sápá Atakpamé. Kí irin tó gba inú igbó kọjá, ènìyàn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gé igbó náà. Kí wọ́n tó gbin tẹ́kì kan, wọ́n á ṣán igbó, wọ́n á gé igi ńlá, wọ́n á hú kùkùté, wọ́n á dáná sun ún.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe oko rí, ẹ mọ ewu tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí. Àdá lè yọ́ kí ó gé ojúgun. Kùkùté lè gún àtẹ́lẹsẹ̀. Ejò wà lábẹ́ ewé, oyin wà lórí igi. Fi èyí kún un pé ẹni tí wọ́n fi ipá mú wá kò mọ igbó náà. Kò mọ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ń kánjú kí ọjọ́ rẹ̀ lè pé kí ó lè lọ ro oko ara rẹ̀. Ẹni tí ń kánjú lábẹ́ igi, ikú ló ń pè.

Bí ọ̀kan nínú wọn bá farapa ńkọ́? Òfin 1886 kò kà á sí. Jámánì ni ọ̀gá rẹ̀, Jámánì ni ó ni igbó, ṣùgbọ́n àpótí owó náà kò wọ ọkọ̀ òkun pẹ̀lú irúgbìn tẹ́kì. Ọkùnrin méjì lè gé igi fún ìjọba kan náà ní ọjọ́ kan náà, kí igi ṣẹ́ ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì. Èyí tí ó wà ní Jámánì á gba owó. Èyí tí ó wà ní Haho á fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ sí abúlé rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn Jámánì nìkan ni. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 1914, Faransé ṣe òfin pé kí òfin jàǹbá iṣẹ́ tiwọn, èyí tí wọ́n ti ní láti 1898, máa ṣiṣẹ́ fún àwọn tí ń gé igi nínú igbó Faransé náà. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, àwọn Jámánì ilẹ̀ Tógò túúbá. Àwọn Faransé gba Lomé lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ dì í mú fún ọdún díẹ̀. Òfin igbó tiwọn náà dúró sí Faransé. Iṣẹ́ tipátipá ni wọ́n gbé wá. Ojú irin tí ó lọ láti Atakpamé sí Blitta, tí wọ́n ṣí ní àwọn ọdún 1930, ẹ bi àwọn àgbàlagbà Kabyè àti Losso léèrè bí ó ti rí fún àwọn bàbá wọn. Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946 ni òfin tí a fi orúkọ Houphouët-Boigny pè fòpin sí iṣẹ́ tipátipá ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣe àkóso rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà.

Láti ibẹ̀ ni nǹkan ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Òfin iṣẹ́ ti 1952 wá. Òmìnira wá ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1973, Tógò kó ọ̀rọ̀ jàǹbá iṣẹ́, owó àwọn ọmọ àti owó ìfẹ̀yìntì pọ̀ sínú òfin kan ṣoṣo, ó sì fi àpótí rẹ̀ sí ọwọ́ CNSS. Ẹ ti rí ilé iṣẹ́ wọn ní Lomé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ti Jámánì ti 1884: ọ̀gá nìkan ló ń dá owó jàǹbá iṣẹ́. Láti 1886 tí agégi Jámánì ti ní àpótí tirẹ̀ títí di òfin 1973 yìí, ọdún 87 ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ìṣirò, ẹ yọ ọ́ wò.

Lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Nàìjíríà, òfin tí ó ní kí ọ̀gá san owó fún òṣìṣẹ́ tí ó farapa ti wà láti 1941. Iṣẹ́ igi tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ. Igbó Oǹdó àti igbó Ìjẹ̀bú ló ń bọ́ ìlú Èkó. Àwọn ọkọ̀ tí ó ń kó gẹdú, agbégilódò ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí ẹ bá rí agbégilódò lọ́nà, ẹ yà fún un. Ẹ̀wọ̀n lásán ló de igi náà. Bí ẹ̀wọ̀n bá já, igi tí ó wúwo ju mọ́tò lọ á máa yí bọ̀ lójú títì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Òkobàbá ní Èbúté Mẹ́ta, létí ọ̀sà Èkó, ni ọ̀pọ̀ gẹdú náà ti di pákó. Nígbà náà, wọ́n máa ń so igi pọ̀, wọ́n á jẹ́ kí ó léfòó lójú omi wá. Ayùn ńlá ló máa ń là á níbẹ̀. Bí ẹ bá bá àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí irú ayùn bẹ́ẹ̀ bọwọ́, ẹ óò mọ̀ ọ́n lára ìka wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wàyí, nítorí ẹ̀rọ ló yí iṣẹ́ náà padà jù. Láyé àtijọ́, ènìyàn méjì ló ń fi ayùn ọlọ́wọ́ méjì la pákó. Ọ̀kan á wà lórí igi, ọ̀kan á wà nínú kòtò lábẹ́ rẹ̀, èérún igi á máa bọ́ sí i lójú. Ní 1926, ọmọ Jámánì kan tí ó ń jẹ́ Andreas Stihl dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Stuttgart, ó ṣe ayùn oníná kan tí ènìyàn méjì ń gbé. Ní 1959, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ọ̀kan tí ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo lè máa gbé e kiri nínú igbó. Irú ẹ̀rọ ayùn yẹn ló kún inú igbó wa lónìí. Igi tí bàbá wa á fi òwúrọ̀ gé, ẹ̀rọ yìí á gé e kí omi tó hó.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ náà gbà lọ́wọ́ wa. Ó ń han tó bẹ́ẹ̀ tí agégi kò lè gbọ́ kí igi ké mọ́. Ó ń di etí díẹ̀díẹ̀ títí dọjọ́ alẹ́. Ó ń gbọ̀n ọwọ́ títí ìka á fi kú tipiri. Bí orí irin rẹ̀, lápá òkè, bá ta lu igi, ẹ̀rọ náà á fò padà sókè, sí ọ̀nà ojú àti ọrùn ẹni tí ó dì í mú. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó láti dá a dúró. Nítorí èyí ni àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi bíréèkì sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Bí ẹ̀rọ bá fò, bíréèkì á dá ẹ̀wọ̀n rẹ̀ dúró. Bí ẹ bá ń ra àlòkù ẹ̀rọ yìí fún ọmọ yín, ẹ wo bóyá bíréèkì náà ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti yọ ọ́ sọnù, wọ́n ní ó ń dí àwọn lọ́wọ́.

Igi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà mọ bí igi ṣe ń pa ènìyàn, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1919, gbé ìwé odidi kan jáde lórí rẹ̀ ní 1998. Ẹ ka èyí fún àwọn ọmọ yín.

Agégi kì í gé igi já lẹ́ẹ̀kan. Yóò kọ́kọ́ gé ẹnu sí apá ibi tí ó fẹ́ kí ó wó sí. Ẹnu náà kò ní ju ìdámárùn-ún tàbí ìdámẹ́rin igi lọ. Lẹ́yìn náà, yóò gé e láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n yóò fi díẹ̀ sílẹ̀ láàárín. Díẹ̀ yẹn ni ó ń ṣe bí irin tí ilẹ̀kùn fi ń yí, òun ni ó ń darí igi. Ẹni tí ó bá gé e já, igi á yí sí ibi tí ó bá wù ú. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó ti ṣán ọ̀nà tí yóò sá gbà. Ọ̀nà náà kì í wà lẹ́yìn igi gan-an, nítorí ìdí igi lè ta padà. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ni. Ẹnikẹ́ni tí kò bá ní iṣẹ́ níbẹ̀, kí ó jìnnà tó ìlọ́po méjì gíga igi náà. Bí igi bá há sórí òmíràn, kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n fi okùn fà á láti òkèèrè, tàbí kí wọ́n fi nǹkan dá ibẹ̀ lọ́nà títí wọn yóò fi rí ohun tí wọ́n máa fi fà á. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó lọ.

Ṣé iṣẹ́ igbó tilẹ̀ burú tó bí mo ṣe ń sọ? Ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ, fìlà líle àti bàtà irin, wọ́n ka àwọn tí ó kú lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 2022. Nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún òṣìṣẹ́ gbogbo, ìyẹn 100,000, bíi mẹ́rin péré ló kú. Nínú iye kan náà tí ó jẹ́ agégi, bí ọgọ́rùn-ún ló kú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ó ní ohun ìdáàbòbò, ẹ ro ti ẹni tí ó wọ sálúbàtà wọ igbó.

Ní Gánà, ìjọba fi òfin de fífi ẹ̀rọ ayùn la pákó nínú igbó fún títà ní 1998. Nítorí igbó tí ń tán ni wọ́n ṣe ṣe é, mi ò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dúró, ìkọ̀kọ̀ ló wọ̀. Ẹni tí ń gé igi ní ìkọ̀kọ̀ kò lè gbé ẹni tí ó farapa lọ sí ilé ìwòsàn kí ó sọ òtítọ́ ibi tí ó ti ṣe é.

Ọ̀rọ̀ tiwa ní Tógò náà súnmọ́ ọn. Òfin wà. Ti 2011 tilẹ̀ sọ pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá nìkan, àwọn tí ń dá ṣiṣẹ́ ara wọn náà lè wọ inú CNSS. Òfin iṣẹ́ tuntun wà láti oṣù kẹfà ọdún 2021. Ṣùgbọ́n òwò igi ní àgbàlá kan tí ó fi ń bọ́ nínú òfin. Oníṣòwò kì í sọ pé òun gba òṣìṣẹ́. Á ní òun ra igi lọ́wọ́ ọmọ náà ni, iye igi tí ó bá gé ni òun ń san. Nígbà tí igi bá ń lọ sí ọjà, ti oníṣòwò ni. Nígbà tí igi bá wó lu ènìyàn, ó di ti agégi. Kò sí ìwé, kò sí orúkọ nílé CNSS, kò sí àpótí. Lọ́dọ̀ tèmi o, èyí kò yàtọ̀ sí ti 1907. Ọjọ́ méjìlá nìkan ni kò sí mọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà. Bí ọmọ yín bá fẹ́ lọ gé igi fún ẹnikẹ́ni, ẹ bèèrè ìwé. Ìwé kékeré náà tó: orúkọ ẹni tí ó gbé iṣẹ́, orúkọ ẹni tí ó gbà á, ibi tí igbó wà, ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, iye owó. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ bèèrè bóyá ọ̀gá náà ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CNSS. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ kí wọ́n tó lọ sọ ọ́ níbẹ̀, kí dókítà sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀. Bí a bá ti ní ìwé kan báyìí lọ́wọ́ nígbà náà, bóyá ewúrẹ́ ẹ̀gbọ́n mi á ṣì wà nílé.

Ọmọ náà ti kúrò nínú igbó. Ó ń tiro díẹ̀. Hédzranawoé ló wà báyìí, ó ń bá obìnrin kan tú ìdì aṣọ àlòkù, ó ń ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ọjọ́ kan, ṣòkòtò kan jáde láti inú ìdì, ó wúwo, ó nípọn níwájú láti itan dé ojúgun. Àwòrán ẹ̀rọ ayùn wà lára àmì rẹ̀, ọ̀rọ̀ Jámánì sì wà lábẹ́ àwòrán náà. Obìnrin náà ti mú sáàsì, ó fẹ́ ya inú rẹ̀, kí ó kó òwú ibẹ̀ dànù, kí ṣòkòtò náà lè fúyẹ́ fún títà. Ọmọ náà ní kó dúró. Kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ó mọ àwòrán náà. Ó pè mí wá wò ó.

Mo ṣàlàyé fún wọn. Òwú náà kì í ṣe òwú lásán. Bí ẹ̀rọ ayùn bá ta lu itan, òwú gígùn yẹn á wé mọ́ ẹ̀wọ̀n rẹ̀, á sì dá ẹ̀rọ náà dúró kí ó tó kan ẹran ara. Ṣòkòtò agégi ni. Obìnrin náà wò mí, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó gbé sáàsì sílẹ̀. Ó ní òun kò ní gba èrè lórí rẹ̀. Ọmọ náà rà á, ó fi ránṣẹ́ nínú káámíọ̀ tí ń lọ sí Notsé, sí àbúrò rẹ̀ tí ó ṣì wà nínú igbó.